Ẹ̀rọ tí ó ń Bá Ọkàn Ru Ẹrù

Nínú èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí a yàn fún ọkàn pọ̀ ju èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn yàn fún un lọ. Ọkàn ni ibùjókòó èrò. Ọkàn ni a fi ń fẹ́ràn ẹni. Ọkàn náà ni ó ń gbọgbẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dunni. Ẹni tí kò ní ìyọnu, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí nǹkan sú, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn àkànlò èdè wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọ́n a máa dínà mọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí ó ń lù kì kì kì ní igbá àyà wa. Bí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé ọkàn bàbá wọn rẹ̀wẹ̀sì, kò sí ẹni tí yóò sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtùnú ni wọn yóò lọ fún un.

Àìsàn tí ìtàn yìí dá lé lórí ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní cardiogenic shock. Nínú àròkọ yìí, ìdákú ọkàn ni n ó máa pè é, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yan dídákú ni. Ẹni tí ó dákú kò tíì kú. A lè jí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn tí àìsàn yìí bá mú. Kò dúró. Ó ń lù, ṣùgbọ́n lílù náà kò ní agbára tí ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Ọkàn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìkúùkù ẹni tí ó ni ín lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ tí ó tó nǹkan bí lítà 5 síta ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń lù tó ìgbà 100,000 láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí ni pé ọkàn pẹ̀lú ń jẹun. Ẹ̀jẹ̀ tí ó kún inú rẹ̀ kọ́ ni ó ń jẹ. Ó ní àwọn òpójẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n yà kúrò lára olú-òpójẹ̀ ní kété tí òun yẹn bá ti inú ọkàn jáde, tí wọ́n sì padà wá nà bo ọkàn lórí bí ìtàkùn. Àsìkò tí ọkàn bá dẹra ni oúnjẹ yìí ń wọlé fún un jù, nítorí pé nígbà tí ó bá ń fún ara rẹ̀ pọ̀, ó ń fún àwọn òpójẹ̀ náà pọ̀ mọ́ ọn ni. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn. A ó tún padà sí i.

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí ọ̀kan nínú àwọn òpójẹ̀ wọ̀nyí, apá kan ẹran ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí apá náà bá tóbi, ìyókù kò ní lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò wálẹ̀. Bí ó sì ti ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ọkàn fúnra rẹ̀ ń dín kù. Bí oúnjẹ rẹ̀ ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn yóò tutù, òógùn yóò bò ó, ìtọ̀ yóò dá nítorí pé kíndìnrín kò rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò sẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò sì di kántankàntan. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń mú kí ọkàn lù kíkankíkan. Wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n ẹṣin tí ó ti rẹ̀ ni wọ́n ń na ní pàṣán: yóò sáré díẹ̀ sí i, agbára tí kò ní ni yóò sì fi sáré náà.

Ní ọdún 1967, Thomas Killip àti John Kimball tẹ ìròyìn kan jáde ní New York nípa aláìsàn 250 tí òpójẹ̀ ọkàn wọn dí. Nínú àwọn tí ọ̀ràn tiwọn ti di ìdákú ọkàn, ìdá 81 nínú 100 ni ó kú. Inú ilé ìwòsàn gan-an ni wọ́n wà o, lábẹ́ ìtọ́jú àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù nígbà náà.

Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Èrò pé ẹ̀rọ lè di ọwọ́ kejì fún ọkàn ti wà kí ìròyìn yẹn tó jáde. Ní ọdún 1930, ní ìlú Boston, a fi ọ̀dọ́ dókítà kan, John Gibbon, ṣọ́ obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí òpójẹ̀ tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òru mọ́jú ni ó fi jókòó tì í, tí ó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń dúdú sí i, obìnrin náà sì kú. Gibbon wá ń rò ó pé, bí ènìyàn bá lè fa ẹ̀jẹ̀ dúdú náà jáde, kí ó fún un ní afẹ́fẹ́ tútù, kí ó sì dá a padà sí ara láìgba inú ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ǹjẹ́ obìnrin náà kì bá tí yè? Ó gbà á ní ohun tí ó lé ní 20 ọdún kí èrò òru ọjọ́ náà tó di ohun gidi. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Mary, ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ológbò ni wọ́n fi dán an wò, Gibbon kò sì fi pamọ́ pé òun a máa jáde lálẹ́ lọ fi ẹja tan àwọn ológbò tí kò ní olówó sínú àpò ní ìgboro Boston. Ní ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 1953, ní Philadelphia, ó ṣiṣẹ́ abẹ nínú ọkàn ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan. Fún ìṣẹ́jú 26, ẹ̀rọ náà nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró fún un. Ọmọbìnrin náà yè. Àwọn tí Gibbon tún lo ẹ̀rọ náà fún lẹ́yìn rẹ̀ kú, ó sì gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni ti Gibbon. Ó tóbi, àwọn ènìyàn púpọ̀ ni ó ń darí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń bàjẹ́ nínú rẹ̀ bí wákàtí ti ń gorí wákàtí. Ẹni tí a sáré gbé dé ní òru, tí ìfúnpá rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, nílò ohun kékeré tí a lè tètè fi sí i lára. Ibí yìí ni Adrian Kantrowitz ti wọ ìtàn.

Ọmọ New York ni Kantrowitz, a bí i ní ọdún 1918. Ohun tí ó gbà á lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ tí mo ní kí òǹkàwé fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan: pé ìgbà tí ọkàn bá dẹra ni ó ń jẹun. Láti nǹkan bí ọdún 1953 ni ó ti ń wá ọ̀nà tí a fi lè ti ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn wọ inú òpójẹ̀ ọkàn ní àsìkò ìdẹra náà gan-an. Ní Cleveland ní ọdún 1962, Spyridon Moulopoulos, ará ilẹ̀ Gíríìkì, pẹ̀lú Stephen Topaz àti Willem Kolff, dán bàlúùnù kan wò nínú olú-òpójẹ̀ ajá. (Kolff yìí náà ni ó ṣe ẹ̀rọ tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ní ilẹ̀ Netherlands, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ náà, ìwo ọ̀rá tí a fi ń di ẹran sọ́sééjì ni ó fi ṣe é. Ó tó kí a kọ àròkọ mìíràn nípa rẹ̀.) Kantrowitz ni ó kọ́kọ́ mú bàlúùnù náà dé ara ènìyàn.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kò lè ṣòro fún ẹni tí ó ti rí obìnrin méjì tí wọ́n jọ ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọmọ odó tẹ̀gbọ́n bá ń lọ sókè, ti àbúrò ni ó ń bọ̀ wálẹ̀. Wọn kì í wo ara wọn lójú. Ìró ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀kan bá ṣi àsìkò, ọmọ odó yóò kọ lu ọmọ odó, iyán kò sì ní gún. A ó ti bàlúùnù tẹ́ẹ́rẹ́ gba òpójẹ̀ itan gòkè dé inú olú-òpójẹ̀. Bí ọkàn bá ti dẹra, afẹ́fẹ́ helium yóò kún inú bàlúùnù náà, yóò sì ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú òpójẹ̀ tí ń bọ́ ọkàn. Ní kété kí ọkàn tó fún ara rẹ̀ pọ̀, bàlúùnù yóò fọ̀ lójijì, àyè yóò ṣí sílẹ̀, ọkàn yóò sì ti ẹrù rẹ̀ jáde láìbá ìdènà púpọ̀ pàdé. Helium ni wọ́n lò nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì yára wọlé, ó yára jáde. Ìró tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé ni iná mànàmáná inú ọkàn fúnra rẹ̀.

Ní àárín ọdún 1967, ní ilé ìwòsàn Maimonides ní Brooklyn, Kantrowitz fi bàlúùnù yìí sí ara obìnrin ọlọ́dún 45 kan tí ó ti ń lọ. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ìfúnpá rẹ̀ gòkè. Obìnrin náà yè. Nígbà tí ó fi di bí ọdún 1980, kò tún pọn dandan kí a fi abẹ la itan kí a tó fi í sí i. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń ṣí ọ̀nà fún un. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí a ń rí ní gbogbo ilé ìwòsàn ńlá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Àwọn mìíràn kò fẹ́ olùrànlọ́wọ́. Arọ́pò ni wọ́n ń wá. Ìjà DeBakey àti Cooley ní Houston lórí ọkàn àtọwọ́dá tí Cooley fi sí ara ènìyàn ní ọdún 1969 gba ojú ìwé púpọ̀ nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò ṣe ìtàn tiwa ní àǹfààní púpọ̀. Èyí tí kò ṣeé fò ni ti Barney Clark, dókítà eyín kan, tí a yọ ọkàn rẹ̀ ní Utah ní oṣù Kejìlá, ọdún 1982, tí a sì fi ẹ̀rọ Jarvik-7 rọ́pò rẹ̀. Ó lo ọjọ́ 112 lórí rẹ̀ kí ó tó kú. A gbọ́ pé kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ìyàwó rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà bóyá ọkọ òun yóò ṣì lè fẹ́ràn òun lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan fi ìbéèrè yìí rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Àwa Yorùbá nìkan kọ́ ni a fi ìfẹ́ sínú ọkàn, ìyàwó tí a fẹ́ yọ ọkàn ọkọ rẹ̀ jù sínú àwo sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó kù.

Ìtàn tí ó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1976, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Richard Wampler, wà ní Íjíbítì fún iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ìgbèríko. Ó rí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń fa omi gòkè sínú oko. Ohun tí wọ́n fi ń fà á ni òpó igi gbọọrọ kan tí ọ̀já lílọ́ wà nínú rẹ̀ bí ti ìdè onílọ̀ọ́. Wọ́n ti ẹnu rẹ̀ kan bọ omi, wọ́n sì ń fi ọwọ́ yí i. Bí ó ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni omi ń gun inú rẹ̀ bọ̀ sókè. Archimedes ni àwọn Gíríìkì sọ pé ó ṣe ẹ̀rọ náà, ó ti lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: Wampler bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí gbogbo ẹ̀rọ ọkàn fi gbọ́dọ̀ máa lù bí ọkàn. Omi kò lù. Ó ń ṣàn.

Nígbà tí ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ fi irin kékeré tí ń yí lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan sínú ọkàn ènìyàn alààyè, wọ́n ní yóò lọ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni lọ ata. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Wóró ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́ ohun ẹlẹgẹ́. Ṣùgbọ́n irin náà kéré tó bẹ́ẹ̀, wóró ẹ̀jẹ̀ sì ń yára kọjá lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ìbàjẹ́ tí wọ́n ń retí kò ṣẹlẹ̀. Hemopump ni ó pe ẹ̀rọ náà. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1988, O. H. Frazier fi í sí ọkàn aláìsàn kan ní Houston, ó sì ṣiṣẹ́. Hemopump fúnra rẹ̀ kò pẹ́ lórí àtẹ. Mọ́tò rẹ̀ wà ní òde ara, wáyà gígùn tí ń yí ni ó so ó mọ́ irin inú ọkàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Aachen, ní Jámánì, lára wọn ni Helmut Reul àti Thorsten Siess, ni wọ́n sọ mọ́tò náà di kékeré títí ó fi wọ inú òpójẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù rẹ̀. Impella ni wọ́n sọ ọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí i ní ọdún 2008.

Ọ̀nà kẹta ni ti Robert Bartlett, ẹni tí ó sọ ẹ̀rọ Gibbon di èyí tí a lè lò fún ọjọ́ mélòó kan ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí a ń pè ní ECMO. Ní ọdún 1975, ní California, ó fi í gba ẹ̀mí ọmọ tuntun kan là tí ìyá rẹ̀ ti fi sílẹ̀ lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ ní èdè Sípáníìṣì: Esperanza. Ìrètí ni àwa ì bá pè é.

Bí mo bá dáwọ́ dúró níhìn-ín, ìtàn àṣeyọrí ni n bá ti sọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ti là, ẹ̀rọ mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀, ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì ní aláìsàn tí ó lè jẹ́rìí sí i. Ìjẹ́rìí náà gan-an ni ìṣòro. Ẹni tí ó bá yè, bàlúùnù ni ó gbà á là. Ẹni tí ó bá kú, àìsàn ni ó pa á. Ẹ̀rọ tí a bá ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀ báyìí kò lè jẹ̀bi láéláé. Ọdún 45 ni bàlúùnù Kantrowitz lò kí ẹnì kan tó ko àwọn aláìsàn tí ó pọ̀ tó jọ láti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lórí ìdákú ọkàn. Holger Thiele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ko aláìsàn 600 jọ, wọ́n ṣẹ́ gègé lé wọn lórí, wọ́n fi bàlúùnù sí ara ìdajì, wọn kò fi sí ara ìdajì. Ní ọdún 2012 ni àbájáde jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, nínú 100 àwọn tí ó gba bàlúùnù, 39.7 ni ó kú. Nínú 100 àwọn tí kò gbà á, 41.3. Ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan tí ènìyàn lè pè ní ìyàtọ̀. Kantrowitz ti kú ní ọdún 2008, kò rí i.

Mo mọ̀ pé òǹkàwé mìíràn yóò ní ìwà ìkà ni kí a ṣẹ́ gègé lórí ẹni tí ń kú lọ. Ní tèmi, èyí tí ó burú jù ni ọdún 45 tí a kò ṣẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí gègé náà fi hàn wá. Ikú tí ó jẹ́ 81 nínú 100 ní ọdún 1967 ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 40. Bí kì í bá ṣe bàlúùnù ni ó mú un wálẹ̀, kí ni? Judith Hochman ti tọ́ka sí i ní ọdún 1999, nínú ìwádìí tí ó fi aláìsàn 302 ṣe: kí a tètè ṣí òpójẹ̀ tí ó dí. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, àǹfààní rẹ̀ kò tíì dájú. Nígbà tí ó di oṣù 6, 50.3 nínú 100 ni ó ti kú nínú àwọn tí a tètè ṣí òpójẹ̀ fún, àti 63.1 nínú àwọn tí oògùn ni a kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé. Ebi ni ó ń pa ọkàn náà, oúnjẹ ni ó sì kọ́kọ́ ń fẹ́.

ECMO náà bọ́ sí orí òṣùwọ̀n ní ọdún 2023. Thiele yìí kan náà ni. Nínú aláìsàn 417, 47.8 nínú 100 kú pẹ̀lú ẹ̀rọ, 49.0 láìsí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dà gidigidi lára 23.4 nínú 100 àwọn tí ó lo ẹ̀rọ, nígbà tí ó jẹ́ 9.6 péré lọ́dọ̀ àwọn tí kò lò ó. Ó ṣeé ṣe kí ìdí rẹ̀ má jìnnà: ẹ̀jẹ̀ tí ECMO ń dá padà sínú ara, inú olú-òpójẹ̀ ni ó ń tì í sí, ó sì dojú kọ ọkàn. Olùrànlọ́wọ́ ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní apá kan, ó ń dì í lé orí ní apá kejì.

Impella kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ọkàn gan-an ni ó wà, tí ó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde síwájú, bí omi oko Íjíbítì. Ọdún 16 lẹ́yìn tí a fi àṣẹ sí i, ní ọdún 2024, Jacob Møller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark, Jámánì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde àbájáde tiwọn. Lẹ́yìn ọjọ́ 180, nínú 179 tí ó lo ẹ̀rọ náà, 82 ni ó kú. Nínú 176 tí kò lò ó, 103. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nínú ẹni 8 tí a fi í sí lára, ẹni 1 yè tí kì bá tí yè. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ alátìlẹ́yìn ọkàn kan yóò yege nínú irú ìdánwò yìí. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Àwọn tí ó lò ó da ẹ̀jẹ̀ jù, ẹsẹ̀ àwọn 10 kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, nígbà tí ó jẹ́ 2 lọ́dọ̀ ìdajì kejì, 41.9 nínú 100 wọn ni ó nílò ẹ̀rọ tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní ipò kíndìnrín, tí ó sì jẹ́ 26.7 lọ́dọ̀ àwọn yòókù.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí jù ni bí wọ́n ti yan àwọn aláìsàn náà. Ó lé ní ọdún 10 kí wọ́n tó rí àwọn 355 yìí kó jọ, nítorí pé wọn kò gba gbogbo ẹni tí ó dé. Àwọn tí òpójẹ̀ ọkàn wọn dí pátápátá lójijì nìkan ni wọ́n gbà. Àwọn tí ọkàn wọn ti dúró rí kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì wà láìmọ ara wọn, kò sí lára àwọn tí a ṣẹ́ gègé fún. Irú wọn sì ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ọkọ̀ aláìsàn ń gbé dé lóru.